Ìyàwó Tó Pe Ìyá Ọkọ Rẹ̀ Lórúkọ

Lọ́ọ̀ ni Ummulkulthum béèrè, sáìkọ́lọ́jì ni yunifásítì gbé fún un. Bí ẹni tó ní kí wọ́n bu ìrẹsì fóun tí wọ́n wá gbé ẹ̀kọ tútù kalẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kì í bá abọ́ jà. Ó gbà á. Nígbà tó délé wá sọ ọ́, ìyá rẹ̀, Alhája Àfúsá, tó ti ń rẹ aṣọ láró tó sì ń tà á ní Ìtòkú kí wọ́n tó bí Ummu, gbé ọwọ́ rẹ̀ tí aró ti kùn títí dé ìgbọ̀nwọ́ kúrò nínú omi.

"Sáì kí ni?"

"Sáìkọ́lọ́jì, Ìyá. Ìmọ̀ nípa ọkàn ọmọ èèyàn ni. Bí a ṣe ń ronú, ohun tó ń mú wa hu irú ìwà tí à ń hù."

"Ìyẹn ni pé bí mo bá ń ro nǹkan nísinsìnyí, o máa mọ̀ ọ́n?"

"Mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ ń rò ó pé irú ọmọ wo lẹ bí yìí."

Alhája bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló rántí ara rẹ̀. "Àstàgàfúrúlà! Ọlọ́run nìkan ni Arínúróde. Má fi ẹnu rẹ fa nǹkan sílé fún mi."

Láti ọjọ́ náà ni Mùs'áb, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti ń pè é ní Arínúróde bí ìyá wọn kò bá sí nítòsí.

Ká sòótọ́, Ummu ló fọwọ́ ara rẹ̀ ra yẹ̀yẹ́ náà. Ọmọ yìí kò lè rí ibi tí èèyàn mẹ́ta jókòó sí kó má da ẹ̀rín sí wọn láàárín. Bó bá dúró ti ṣọ́ọ̀bù ní Ìtòkú, tí oníbàárà kan yọ, á dijú, á fi ìka méjì tẹ iwájú orí: "Ẹ dúró, ẹ má sọ̀rọ̀. Mo ti rí i. Èyí tó pupa yìí ló wà lọ́kàn yín, ojú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín lẹ ń bẹ̀rù." Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín títí, á sì ra èyí tó pupa. Lọ́jọ́ Iléyá kan, ó kéde fún gbogbo ilé pé fóònù òun ti ní ẹ̀rọ tó ń mọ òpùrọ́ láti orí ìka, kí kálukú wá fi ìka tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n lè mọ ẹni tó jẹ ẹ̀dọ̀ àgbò. Gbogbo wọn tò, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mùs'áb nìkan ló ní òun fẹ́ lọ yàgbẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ ẹni tó jẹ ẹ̀dọ̀.

Nígbà tó di ọdún kejì rẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn nípa àìsàn ọkàn, kò sí ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní Mùs'áb ní àìsàn ìfẹ́ ara ẹni. Ó ní ewúrẹ́ onílé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, nítorí kì í jẹun, ó kàn ń wo ògiri ṣáá. Àánú ewúrẹ́ náà ṣe Alhája débi pé ó ń gé ewé fún un. Oyún ni ewúrẹ́ ní. Ìbejì ló bí.

Dókítà Morónkẹ́, obìnrin tó ń kọ́ wọn, ti kìlọ̀ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ló ń rí. Ó ní gbogbo ọmọ sáìkọ́lọ́jì ló máa ń rí àìsàn inú ìwé lára àwọn ará ilé rẹ̀, pé kí wọ́n rọra, kí wọ́n má lọ fi ìwé dá ilé rú. Ummu kọ ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn. Ó ṣòro fún un láti gbà gbọ́ pé ohun tí òun bá rí, òótọ́ ni.

Bí ó bá sì dé fún ìsinmi, ìbéèrè kan náà ló ń bá nílé. "Kí ni wọ́n ń fi sáìkọ́lọ́jì ṣe jẹun gan-an?" Á tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn kan ń gba àwọn ọmọ ilé ìwé nímọ̀ràn. Àwọn kan wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Àwọn kan ń bá ilé iṣẹ́ wádìí ìdí tí obìnrin fi ń ra ọṣẹ yìí tó fi ìyẹn sílẹ̀. Àwọn tó sì ń tọ́jú aláìsàn nílé ìwòsàn, àwọn yẹn ní láti padà sílé ìwé fún oyè kejì, kí wọ́n tún lọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó ti mọ̀ ọ́n, kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ.

"Ìyẹn ni pé àwọn wèrè lo fẹ́ máa tọ́jú," ni Alhája máa ń wí.

"Rárá o. Ewékorò ni mò ń lọ."

Ewékorò gan-an ló wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ọ̀nà ibẹ̀ ń wá ẹni tó máa yẹ ọkàn òṣìṣẹ́ wò, tó máa sọ ẹni tí orí rẹ̀ pé tó láti wa ọkọ̀ àjàgbé ńlá àti ẹni tí kò yẹ kí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ fún. Ọ́fíìsì tútù, bàtà gíga, kò sí igbe. Igbe ni kò fẹ́. Nígbà tí wọ́n kó wọn lọ wo ilé ìwòsàn ọpọlọ kan, obìnrin kan jókòó lórí ibùsùn, ó ń fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá di irun fún ẹni tí kò sí níbẹ̀, ó sì ń sọ fún un pé kó má mi orí. Ummu fi àwàdà pa gbogbo ọkọ̀ lẹ́rìn-ín títí wọ́n fi padà. Nígbà tó dé yàrá rẹ̀, oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá.

*

Mùs'áb ti gbé ìyàwó nígbà náà. Rẹ̀mílẹ́kún lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọ̀nà Ewékorò ni, onídìrí ni, ìyá rẹ̀ sì ti kú kó tó wọlé ọkọ. Kò sí ìyàwó tí ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ tó tirẹ̀ nínú agbo ilé wọn. Ó fi ọdún márùn-ún ju Ummu lọ, ṣùgbọ́n ó bá Ummu nílé ni, nítorí náà ọkọ ni Ummu jẹ́ fún un, ìyàwó ilé kì í sì í pe ọkọ lórúkọ. Rẹ̀mílẹ́kún fún kálukú lórúkọ tirẹ̀. Eyínafẹ́ ló sọ Ummu, nítorí ẹ̀rín tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni "Alhája wa". Kódà ọmọ kékeré tó ń gé èékánná fún àwọn ará ilé, ó ní orúkọ tó ń pè é.

"Ìyàwó wa, ṣé o mọ orúkọ mi gan-an báyìí?" Ummu á bi í.

"Háà, Eyínafẹ́! Ẹnu mi á wọ́ bí mo bá pè é."

Nígbà tó bí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, ọkùnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Sàlàhúdíìnì. Àwọn olùkọ́ yunifásítì wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, Ummu, tó ti dé ọdún ìkẹyìn rẹ̀, sì wà nílé, ìdí nìyẹn tó fi rí gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé kún. Àwọn aláró, àwọn alátẹ Ìtòkú, àwọn ẹbí láti Ṣàpọ́n, kálukú ń ya wọlé: "Ẹ kú ewu ọmọ o!" Rẹ̀mílẹ́kún á kúnlẹ̀ lórí ẹní: "A dúpẹ́ o, ewu iná kì í pa àwòdì." Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń jẹun. Ọmọ ń mu ọyàn.

Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Ọmọ á sùn, ìyá á jókòó. Bí Ummu bá jí lówùúrọ̀, á bá a níbi tó fi í sí lálẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ lára ògiri, ojú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ó ń fọ aṣọ ọmọ, ó ń sá a, á tún ká a kó tó gbẹ, á tún fọ̀ ọ́. Ó sọ pé òórùn ẹlòmíì wà lára rẹ̀. Alhája ní ara rẹ̀ ni kò tíì balẹ̀, pé gbogbo abiyamọ ọmọ àkọ́kọ́ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ummu rántí ewúrẹ́. Ó pa ẹnu mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá arúgbó kan wọlé wá láti Ṣàpọ́n, ó pẹ́ kó tó gbọ́. "Ìyàwó, o kú ewu ọmọ o!"

Rẹ̀mílẹ́kún kò kúnlẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ìyá náà, bí ẹni tó ń wo ẹni tó bá a wá.

"Kò tíì lọ," ló wí.

"Kí ni kò tíì lọ, ọmọ mi?"

"Ewu náà."

Ìyá arúgbó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyàwó Mùs'áb mà mọ àwàdà o, ó jọ pé àbúrò ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ. Gbogbo ilé wo Ummu, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ummu nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òun tó mọ àwàdà dáadáa, ó mọ ohùn tó máa ń bá a rìn. Kì í ṣe ohùn tó gbọ́ nìyẹn.

Ọjọ́rú ló wá ṣẹlẹ̀. Alhája gbé omi gbígbóná wọ yàrá láti wá fi aṣọ jó ikùn abiyamọ bó ṣe ń ṣe láràárọ̀, Ummu gbé aṣọ tẹ̀ lé e. Rẹ̀mílẹ́kún dúró ní ojú fèrèsé, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò yíjú.

"Àfúsá," ló wí, "ta ló rán ẹ wá?"

Omi dà sílẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí ó dà sí Alhája lẹ́sẹ̀.

"Ummulkulthum, ti ilẹ̀kùn," Rẹ̀mílẹ́kún tún wí.

Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. Bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì ló ṣe pè é, orúkọ kan lẹ́yìn èkejì, láìní ìbínú, láìní ìfẹ́. Ummu kò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu ìyàwó yìí rí.

*

Wọ́n jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí ní pálọ̀ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Alhája ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Èmi, Àfúsá! Èmi tí bàbá yín kò pè lórúkọ rí láti ọjọ́ tí mo ti bí Mùs'áb títí Ọlọ́run fi pè é! Ọmọ tí mo ń fi ọwọ́ mi wẹ̀ fún!"

"Ẹ má bínú, Ìyá," Mùs'áb ní. Ó dojú bolẹ̀. "Mi ò mọ ohun tó gùn ún."

"Ọmọ ọkùnrin tó bí ló ń gùn ún. Ó rò pé òun ti ní ẹsẹ̀ nílé."

"Ìyá," Ummu ní, "kì í ṣe àfojúdi. Ara rẹ̀ ni kò yá. Ẹ wò ó, ṣé Rẹ̀mílẹ́kún tí a mọ̀ nìyẹn? Ẹni tí kò lè pe ọmọ ọdún mẹ́wàá lórúkọ nínú ilé yìí? Bí orúkọ bá bọ́ lẹ́nu irú ẹni bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé ó fẹ́ bú wa. Kò mọ̀ wá mọ́ ni. Kò sùn láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Orí ni, Ìyá."

Mùs'áb gbé ojú sókè.

"Arínúróde," ó ní, ohùn rẹ̀ sì le, "ti ewúrẹ́ ńkọ́?"

"Bọ̀dá mi, mi ò ṣàwàdà."

"Ìgbà wo lo kì í ṣe é?"

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àgbà ti ní fún ohun tó ń ṣe Rẹ̀mílẹ́kún kí ìwé Ummu tó dé. Abísínwín. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú àwọn tó jókòó síbẹ̀. Kò sì sí ẹni tó fẹ́ kó ti ẹnu òun jáde nínú ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọmọ lórúkọ. Alhája na ìka sí Ummu.

"Mo rí ibi tí o ń lọ. Tẹ ẹnu rẹ sínú. O kò ní fi ẹnu ara rẹ sọ ìyàwó ilé yìí di ohun tí wọn yóò máa nawọ́ sí ní Ìtòkú."

Wọ́n wá ṣe ohun tí agbo ilé náà máa ń ṣe fún ìyàwó tó bá tàpá sí àgbà. Wọ́n fi í sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wọlé tọ̀ ọ́. Kó dá wẹ ọmọ, kó dá gbé e pọ̀n, kó dá gbọ́ igbe rẹ̀. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á wá àgbà kan tó máa bá a bẹ̀bẹ̀, á sì kúnlẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ lára àwọn ìyàwó míì rí, kì í pẹ́ rárá. Mùs'áb kó ẹní rẹ̀ lọ sí pálọ̀.

Ummu lọ dúró lẹ́yìn ilé, láàárín àwọn agbada aró, ó pe Dókítà Morónkẹ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ó sì fi ẹ̀rín díẹ̀ kún un, nítorí ẹ̀rù ń bà á kó má tún jẹ́ ewúrẹ́. Dókítà kò rẹ́rìn-ín.

"Ummulkulthum, gbọ́ mi. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí kò sùn, tó ń rí ohun tí àwa kò rí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀la. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lónìí. Títí ẹ ó fi gbé e lọ, ẹ má ṣe fi òun àti ọmọ náà sílẹ̀ láwọn nìkan. Ṣé o gbọ́? Kódà kó jẹ́ fún àkókò tí èèyàn fi ń mu omi."

"Àwọn ará ilé ò gbà mí gbọ́, mà."

"Nígbà náà, ìwọ jókòó tì í."

Ó jókòó tì í. Ó wọ yàrá náà lójú gbogbo wọn, ó sì gba ìbínú ìyá rẹ̀ mọ́ra. Ní gbogbo ọjọ́ kejì, ó wà níbẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún kò lé e. Ó kàn ń bi í lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ní ohùn pẹ́lẹ́, bóyá ó rí wọn lójú ọ̀nà.

"Ta ni, ìyàwó wa?"

"Àwọn tó fẹ́ wá gba tiwọn."

Ó ń wo ọmọ bó ṣe ń sọ ọ́.

*

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Alhája wá fa Ummu jáde kúrò nínú yàrá. Àwọn kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá gbé aṣọ ní Ìtòkú, òun sì ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, Mùs'áb náà ń lọ. Ta ni yóò dúró ti ọjà? Ummu bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹnì kan jókòó ti ìyàwó. Alhája ní àwọn tó ń rẹ aṣọ wà lẹ́yìn ilé, kí ló tún ń fẹ́? Ìyàwó kì í bá ìyá ọkọ rẹ̀ jà títí, ó máa tó wá kúnlẹ̀. Ummu lọ.

Kò rántí pé Mùsùlùmí ni àwọn tó ń rẹ aṣọ náà. Ìgbà tó dé ṣọ́ọ̀bù tó gbọ́ ìpè ìrun láti orí mọ́ṣáláṣí ni ó yé e. Wọ́n á ti da aró òyìnbó sínú agbada, wọ́n á ti da sóódà sí i, ìyẹn sóódà tí wọ́n máa ń wọ rọ́bà sọ́wọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn, kó má bàa bó wọn lára. Wọ́n á fi í sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́, wọ́n á lọ kírun. Kò ní sí ẹnì kankan nílé.

Ó pe fóònù Rẹ̀mílẹ́kún. Ó pẹ́ kó tó gbé e.

"Ìyàwó wa, ṣé dáadáa ni? Sàlàhú ńkọ́?"

"Ó ti dákẹ́."

"Ṣé ó ń sùn ni?"

"Mo ti rí ọ̀nà tí mo máa gbà tí wọn ò fi ní dá a mọ̀," Rẹ̀mílẹ́kún ní, inú rẹ̀ sì dùn. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà ìsọmọlórúkọ tí inú rẹ̀ dùn nìyẹn. Fóònù kú.

Ummu ju ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gun ọ̀kadà, ó ní kó máa sáré. "Àǹtí, kí ló dé, ṣé ọkọ ti gbé ìyàwó kejì ni?" ọlọ́kadà bi í. Ọ̀nà Ìtòkú kún fún àwọn tó tẹ́ ẹní sí ojú títì fún ìrun, ọ̀kadà kò rí ibi gbà. Ummu fò bọ́ sílẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ sá gba àárín àwọn òpó aṣọ tí wọ́n sá, aṣọ tútù ń gbá a lójú, kò sì gbọ́ igbe ọmọ láti ibì kankan. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí òun gbọ́ ọ.

Ẹ̀yìn ilé ló ti bá wọn. Rẹ̀mílẹ́kún ti ṣí gèlè kúrò lórí, ó jókòó sí etí agbada, Sàlàhúdíìnì wà lórí itan rẹ̀ nínú aṣọ funfun. Ojú ọmọ là sílẹ̀. Ó wà láàyè. Ìyá rẹ̀ ti ki etí aṣọ funfun náà bọ inú aró, ó ń wò ó bó ṣe ń mu ún, àwọ̀ náà sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀ ọmọ.

"Ummulkulthum," ó ní, "wá wò ó. Bí mo bá rẹ ẹ́, wọn á rò pé ọmọ ẹlòmíì ni. Wọn á kọjá."

Igbe wà lọ́fun Ummu. Bó bá ké, tí obìnrin náà bá fò, ọmọ á ṣubú sínú rẹ̀. Bó bá ní irọ́ ni, kò sí ẹni tó ń bọ̀, á di ọ̀kan lára àwọn tó ń bọ̀. Ó rọra rìn. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ẹni tó wá kọ́ṣẹ́. Ẹnu tó ti fi pa gbogbo Ìtòkú lẹ́rìn-ín gbẹ, síbẹ̀ ó fi ṣiṣẹ́.

"Ọgbọ́n ńlá ni," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìyàwó wa, ìwọ náà ti pẹ́ tó nílé aláró. Ṣé wọ́n máa ń rẹ aṣọ láìtíì dì í?"

Rẹ̀mílẹ́kún ronú sí i. "Wọ́n máa ń kọ́kọ́ dì í."

"Bó bá wọ inú aró báyìí láìdì, gbogbo rẹ̀ á kàn dúdú ni, kò ní ní iṣẹ́ ọnà kankan. Wọn á mọ̀ pé ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ló rẹ ẹ́. Ìko tí a máa fi dì í dà?"

"Mi ò ní ìko."

"Ìko wà ní ṣọ́ọ̀bù. Gbé ọmọ fún mi, kí ọwọ́ rẹ lè sinmi, ká jọ lọ mú un. Àwa méjèèjì. Mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀."

Obìnrin náà wò ó. Ó wò ó títí, bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí ibi tó ti rí ojú kan rí. Afẹ́fẹ́ fẹ́ aṣọ lórí okùn. Lẹ́yìn náà ló na apá rẹ̀, ó sì gbé ọmọ jáde kúrò lórí agbada.

Ummu gba Sàlàhúdíìnì mọ́ àyà. Ó fi ọwọ́ kejì di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, kò sì tú u. Wọ́n jáde sí ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń lọ ra nǹkan, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ nípa ìko, nípa bí wọ́n ṣe ń fà á ya, nípa ohunkóhun tó bá wá sí ẹnu rẹ̀. Àwọn èèyàn ń tú jáde láti mọ́ṣáláṣí. Mùs'áb rí ìyàwó rẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, orí rẹ̀ lásán, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán. Ìtìjú ló kọ́kọ́ bò ó lójú. Ó sáré wá láti wá bo orí rẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń ṣe níta? Ummu, irú eré wo nìyí?"

Alhája ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Òórùn ló kọ́kọ́ kàn án. Kò sí bí sóódà ṣe lè kọjá nímú obìnrin náà kó má mọ̀ ọ́n. Ó mú etí aṣọ ọmọ dání, ó wo ibi tí aró ti gòkè dé. Ó gbé ọwọ́ Rẹ̀mílẹ́kún wò, orí ìka tó ti ń bó. Ó wo ọmọ. Ó wo ìyá. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú títì, nínú lẹ́ẹ̀sì Jímọ̀ rẹ̀, ó sì ń sọ pé "Láìláà, láìláà," títí Mùs'áb fi rí ọkọ̀.

*

Wọ́n dá Rẹ̀mílẹ́kún dúró sílé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Dókítà ibẹ̀ ní ká ní wọ́n pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọn ì bá máa sọ. Ó béèrè ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀. Mùs'áb kò gbé ojú sókè. "Àbúrò mi," ó ní. "Sáìkọ́lọ́jì ló ń kọ́."

Alhája sọ fún àwọn ará Ìtòkú pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó gbé ọmọ sọ́dọ̀, ó ń fún un ní mílíkì, kò sì jẹ́ kí àwọn tó ń rẹ aṣọ da sóódà sí ẹ̀yìn ilé mọ́. Ilé iṣẹ́ kan ní Ewékorò pe Ummu fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó lọ, ó sì dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n bi í. Ọ́fíìsì náà tutù lóòótọ́. Nígbà tó ń bọ̀, ó pe Dókítà Morónkẹ́ láti béèrè nípa oyè kejì.

"Ṣé ẹ̀rù kì í ba ẹ̀yin náà, mà?"

"Lójoojúmọ́," obìnrin náà ní. "Ẹni tí ẹ̀rù kò bà ni èmi ń bẹ̀rù."

Rẹ̀mílẹ́kún padà wálé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ti rù. Oògùn jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa falẹ̀. Ó rántí ohun díẹ̀, èyí tó kù ni kò fẹ́ kí wọ́n sọ fún òun. Nígbà tí òun àti Ummu jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó fa ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé ó máa padà wá?"

Ummu mọ ohun tí ìwé sọ. Bí oyún mìíràn bá dé, ó lè padà wá, ó sì ń padà wá bá ọ̀pọ̀ obìnrin. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé bí àwọn dókítà bá mọ̀ ṣáájú, wọ́n lè dáàbò bò ó. Ó sọ méjèèjì fún un bó ṣe rí. Rẹ̀mílẹ́kún gbọ́, ó mi orí, ó sì ń wo ọmọ rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ láti ọ̀kánkán, kò tíì ní kí wọ́n gbé e fún òun.

Wọ́n jókòó sí pálọ̀ báyìí nígbà tí ìyá arúgbó Ṣàpọ́n tún dé. Kò mọ nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n sọ fún òun náà. Inú rẹ̀ dùn pé ìyàwó ti dìde. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè lórí ọmọ.

"Ọlọ́run tó fún wa ní Sàlàhúdíìnì, yóò fi àbúrò tẹ̀ lé e kíákíá. Kí ọdún yìí tó parí, a ó tún pé jọ síbí, lágbára Ọlọ́run."

Nínú ilé yẹn, kò tíì sí àdúrà tí wọn kò ṣe Àmín sí rí. Ìyá arúgbó dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè, ó ń dúró dè wọ́n. Mùs'áb la ẹnu, ó tún pa á dé. Rẹ̀mílẹ́kún dorí kodò. Alhája Àfúsá, tó fẹ́ràn ọmọ-ọmọ ju ojú rẹ̀ méjèèjì lọ, kò sọ Àmín. Ó yí ojú rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Ummulkulthum, ó sì ń wò ó, bí wọ́n ṣe ń wo dókítà tó ń bọ̀ láti yàrá inú, kó tó sọ ohun tó rí.